Àdá, Sípánà àti Àmì Ẹni Tó Ṣe É

Ní ọjà Ọwódé Oníirin, lójú ọ̀nà Ìkòròdú l'Ékòó, oníbàárà tó bá fẹ́ ra irinṣẹ́ kì í kọ́kọ́ béèrè iye. "Ti ibo ni?" ló máa ń béèrè. Ọlọ́jà náà ti mọ ìdáhùn tó ń mówó wọlé: Jámánì, Japan, ó kéré tán Íńgílàǹdì. Kò sẹ́ni tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe ọjà rẹ̀ ní Ṣáínà, àfi tí oníbàárà bá ti là á mọ́lẹ̀ pé owó tó wà lọ́wọ́ òun kò tó nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀kan nínú wọn wò, sípánà nọ́ńbà 13. Ó ń dán bíi dígí. Wọ́n tẹ "Germany" sí i lára, wọ́n tún tẹ "Chrome Vanadium" tẹ̀ lé e. Ẹ fún mẹkáníìkì, kó fi tú nọ́ọ̀tì tó ti dógùn-ún. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni ẹnu sípánà ń ya. Á yọ̀ lẹ́ẹ̀kan, á yọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, á jẹ igun nọ́ọ̀tì náà tán, èyí tó jẹ́ onígun mẹ́fà á wá di róbótó. Iṣẹ́ tí kò yẹ kó gba ìṣẹ́jú márùn-ún ti di iṣẹ́ àárọ̀ṣúlẹ̀ nìyẹn: wọ́n á wá òòlù, wọ́n á wá irin tí wọ́n á fi gé e, wọ́n lè ránṣẹ́ pe wẹ́dà pàápàá, ẹ̀yìn ọwọ́ mẹkáníìkì á sì ti bó. Nígbà tó ń rà á lọ́jà, ó rò pé òun jẹ̀rè.

Ká sòótọ́, àwọn ará Ṣáínà mọ iṣẹ́ ṣe. Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ ńlá ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù lónìí, ọ̀dọ̀ wọn tàbí Taiwan ni wọ́n ti ń ṣe é. Bí ẹni tó gbé iṣẹ́ wá bá ṣe fẹ́ ẹ ni ilé iṣẹ́ ń ṣe é. Ẹni tó sanwó irin gidi á gba irin gidi; ẹni tó ní kí wọ́n bá òun dín in kù kó lè rọjú lọ́jà, wọ́n á bá a dín in kù. Ọwọ́ oníṣòwò tó lọ kó o wá lẹ̀bi wà, àti ọwọ́ ẹni tó yẹ kó dá ẹrù náà dúró ní èbúté.

Ìtàn "Germany" tí wọ́n ń tẹ̀ kiri yìí pani lẹ́rìn-ín. Ṣáájú 1887, àwọn kan ní Solingen, nílẹ̀ Jámánì, máa ń rọ ọ̀bẹ àti àlùmọ́gàjí, wọ́n á sì tẹ orúkọ Sheffield ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí i kó lè tà. Inú bí àwọn ará Sheffield. Lọ́dún yẹn ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin tó dojú kọ àmì ẹ̀tàn lára ọjà, òfin tó sọ ọ́ di dandan fún ọjà òkèèrè irú bẹ́ẹ̀ láti fi ilẹ̀ tó ti wá hàn. Wọ́n rò pé ojú á ti Jámánì. Àwọn ará Jámánì tún ọwọ́ ara wọn ṣe, àmì ẹ̀tẹ́ sì di àmì ẹ̀yẹ, débi pé ní 1938, Solingen ní òfin tirẹ̀ tó ń dáàbò bo orúkọ náà lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ máa fi tajà. Olè orúkọ àná ló ń ké gbàjarè olè yìí o.

Sheffield náà kò ṣàdédé dolókìkí. Láti 1624 ni òfin ti dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń rọ ọ̀bẹ sílẹ̀ níbẹ̀, tí oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń fi àmì tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́. Tí ọ̀bẹ bá bà jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó rà á, wọ́n mọ ilé ẹni tí wọ́n á lọ.

Irú ìgbẹ́kẹ̀lé bẹ́ẹ̀ làwọn baba wa ń fowó rà nígbà tí wọ́n ń ra àdá Martindale, tó ní àwòrán ọ̀nì lára. Birmingham ni ilé iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1874. Àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé á fi ọwọ́ pa ọ̀nì yẹn, á sì sanwó. Nígbà tó yá, wọ́n ń ṣe àdá ọlọ́nì yìí ní Tema, ní ilẹ̀ Gánà, ọ̀nì náà sì ni wọ́n ń tẹ̀ sí i. Ta ló bìkítà pé kò wá láti Birmingham mọ́? Ẹni tí ọ̀nì jẹ́ tirẹ̀ ló máa gba èébú tí àdá bá ká lójú igi.

Ilẹ̀ Yorùbá kò sì ṣàìní ẹni tó mọ irin. Ní 1904, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Bellamy, tó wà nídìí iṣẹ́ òde ìjọba Èkó, tẹ àlàyé jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípa ìléru tó rí ní tòsí Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin láti inú òkúta. Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 tí wọn kò sì tẹ̀ ẹ́ títí di 1921, sọ pé kí ọjà òyìnbó tó dé, ilé ni wọ́n ti ń rọ gbogbo ohun onírin, láti orí ohun ìjà dórí abẹ́rẹ́. Ó ní ọjà Yúróòpù ń lé tilé kúrò lọ́jà nítorí pé ó rọjú, ó sì dán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó tilé lálòpẹ́. Ẹ gbọ́ ná! Ohun tí mẹkáníìkì ń wí sí Ṣáínà lónìí ni Johnson ti wí sí Sheffield àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ òde òní kì í yọ́ òkúta mọ́. Abẹ́ lọ́rì tó ti kú ló ń lọ: irin sípíríìnì pẹlẹbẹ tó ń gbé ẹrù ọkọ̀, irin tí wọ́n dìídì ṣe kó lè máa tẹ̀ kó sì máa padà. Kò sí ọ̀pọ̀ àdá olówó pọ́ọ́kú lọ́jà tí irin rẹ̀ tó èyí. Ó gé e, ó tì í sínú iná èédú. Ní ọ̀pọ̀ àgbẹ̀dẹ, ẹwìrì awọ ti di fáànù tí ọmọ iṣẹ́ ń fọwọ́ yí. Tí irin bá ti pọ́n, tí pípọ́n rẹ̀ ń lọ sí àwọ̀ ọsàn, ọmọ owú á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni á rì í sínú omi kó le. Ibi tí iṣẹ́ ti ń bà jẹ́ nìyí, nítorí irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi le ju bó ṣe yẹ lọ. Tó bá kan òkúta, á ṣẹ́. Ẹni tó mọṣẹ́ á tún dá a padà sẹ́bàá iná díẹ̀, á tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀: á rí i tí àwọ̀ ń yí kúrò ní pípọ́n rẹ́súrẹ́sú bọ́ sí pupa rúsúrúsú, kí ó tó máa lọ sí ti aró. Ibi tó ti dá a dúró ló máa sọ bóyá àdá náà á mú pẹ́ tàbí á tètè kú.

Ẹni tí kò bá mọ ẹni tó rọ àdá, kó mú fáìlì dání lọ sọ́jà. Kó fi rin ín lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan. Tí fáìlì bá ń jẹ ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, irin rẹ̀ rọ̀. Tó bá ń yọ̀ lórí rẹ̀, ó le. Ọlọ́jà tó bá fi ariwo lé fáìlì dànù ti dáhùn ìbéèrè.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àdá, àáké àti ọkọ́ kò yẹ kó máa gbé ẹnikẹ́ni lọ sókè òkun. Ti ọkọ́ tilẹ̀ tún yàtọ̀. Ọkọ́ òyìnbó kò mọ ebè kọ. Ọkọ́ tí wọ́n fi ń kọ ebè iṣu ní fífẹ̀ tirẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹnu rẹ̀, kò sì sí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí ní Birmingham.

Sípánà, pílásì àti fáìlì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu sípánà 13 kò gbọdọ̀ fi ju ìdá kékeré nínú mìlímítà kan lọ fẹ̀ ju nọ́ọ̀tì lọ, ojú alágbẹ̀dẹ kò sì lè díwọ̀n ìyẹn. Ẹ̀rọ ló ń ṣe é. Ìjọba àpapọ̀ dá Nigeria Machine Tools sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1980, pẹ̀lú ilé iṣẹ́ HMT ti ilẹ̀ Íńdíà, kí ó lè máa ṣe irú ẹ̀rọ tó ń bí ẹ̀rọ yẹn. Títí di òní, kò sí mẹkáníìkì tó ń wọ ọjà Ládìpọ̀ tó máa ní kí wọ́n fún òun ní sípánà Òṣogbo. Ẹni tó ń fi ọwọ́ jẹun kò sì lè fi nọ́ọ̀tì oníbàárà rẹ̀ ṣe ìfẹ́ ìlú.

Tòkunbọ̀ ló dára jù fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ ọjà òwúrọ̀ Sunday níbi tí àwọn òyìnbó ti ń tú ẹ̀yìn mọ́tò wọn tà: fáìsì Record, ìfági Stanley, sípánà Bahco tí bàbá kan fi sílẹ̀ kó tó kú. Wọ́n á rọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù àárín aṣọ àti ìrẹsì, ó di Àpápá. Irinṣẹ́ tó ti lo ogún ọdún lọ́wọ́ ẹlòmíràn ti ṣe ìdánwò tirẹ̀. Ká ní ẹnu rẹ̀ máa ya ni, ọwọ́ olówó àkọ́kọ́ ló ti máa ya.

Èyí tó jẹ́ tuntun láti òkè òkun ní ìṣòro tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ra irinṣẹ́ ọwọ́ Craftsman, orúkọ tí ilé ìtajà Sears bẹ̀rẹ̀ ní 1927, mọ̀ pé tó bá kán, òun á gba òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ ìlérí yẹn kì í wọkọ̀ ojú omi. Sípánà tó kán ní Ìbàdàn ti kán nìyẹn. Owó rẹ̀ náà kì í ṣe kékeré mọ́: dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí 460 náírà kí ìjọba tó tú u sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ti kọjá 1,500 náírà kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí.

Wàyí o, ẹ̀bi àwọn alágbẹ̀dẹ wa náà wà níbẹ̀. Wọn kì í fi orúkọ sí iṣẹ́. Alájàpá á kó àdá ọ̀gá mẹ́rin papọ̀ lọ sọ́jà. Mẹ́ta dára, ọ̀kan rọ̀, gbogbo wọn á sì jọ gba orúkọ búburú. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ń gba owó kan náà pẹ̀lú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Irin kékeré tí wọ́n gbẹ́ àmì sí lórí, tí wọ́n á fi òòlù lù mọ́ ara àdá nígbà tó ṣì gbóná, alágbẹ̀dẹ fúnra rẹ̀ lè ṣe é láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kí ẹgbẹ́ alágbẹ̀dẹ ìlú kọ̀ọ̀kan ra ìwé kan, kí wọ́n kọ àmì àti orúkọ olúkúlùkù sínú rẹ̀.

Ìjọba ìpínlẹ̀ àti àwọn aṣòfin lè mú kó yá. Wọ́n ń pín àdá, bárò àti ẹ̀rọ ìránṣọ ní orúkọ ìrónilágbára, fọ́tò á jáde, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ta ló rọ àdá inú fọ́tò. Kí wọ́n gbé owó àdá yẹn fún ẹgbẹ́ alágbẹ̀dẹ, kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé àmì ẹni tó rọ ọ́ gbọ́dọ̀ wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì ṣa díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò kí wọ́n tó san àṣẹ́kù. Akúrẹ́ ni Engineering Materials Development Institute ti ìjọba àpapọ̀ wà, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa irin sì wà ní yunifásítì Ifẹ̀. Àyẹ̀wò bí irin ṣe le tó kò ju iṣẹ́ ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Kí wọ́n wá lẹ àmì àwọn tí àdá wọn yege mọ́ ara ògiri níbi ìpín náà, pẹ̀lú orúkọ ìlú àti nọ́ńbà fóònù wọn, kí àgbẹ̀ tó bá fẹ́ ra òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀ mọ ẹni tó máa pè.