Kí Ìpínlẹ̀ Georgia Gba Owó Orí Rẹ̀ Padà Lọ́wọ́ Àwọn Onífíìmù

Láti ọdún 2008 ni òfin kan ti wà ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní gúúsù ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, tó ń yọ̀ǹda owó orí fún iléeṣẹ́ tó bá wá ya fíìmù níbẹ̀. Iléeṣẹ́ tó bá ná ẹgbẹ̀rún lọ́nà 500 dọ́là, ó kéré tán, láàárín ọdún kan yóò gba ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà padà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dínwó owó orí. Bí ó bá tún fi àmì ìpínlẹ̀ náà, tó ní èso píìṣì nínú, sí ìparí fíìmù rẹ̀, ìdá 10 mìíràn yóò gorí rẹ̀. Òfin náà kò fi gbèdéke sí iye tí gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ lọ́dún, kò sì dá ọjọ́ tí ètò náà máa kásẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí yóò fi tó bí ọdún mẹ́rìnlá tó ti wà, owó tó ń bá a lọ lọ́dún kan ṣoṣo ti ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Àtúnṣe kò lè gba ètò yìí là. Píparẹ́ ló yẹ ẹ́.

Orúkọ rẹ̀ gan-an ń ṣini lọ́nà. Ẹni tó jẹ owó orí ni a lè dín owó orí kù fún, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó ń ya fíìmù ní Georgia ló jẹ́ ti California, tí owó orí tí wọ́n jẹ Georgia kò sì tó nǹkan. Kí ẹ̀dínwó náà má baà já sí òfo lọ́wọ́ wọn, òfin fún wọn láyè láti tà á. Bánkì tàbí olówó kan tó jẹ ìpínlẹ̀ náà ní owó orí yóò ra ìwé ẹ̀dínwó náà ní nǹkan bí sẹ́ńtì 85 sí 90 lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi san owó orí tirẹ̀ bí ẹni tó san dọ́là kan odindi. Onífíìmù gba owó lọ́wọ́, olówó jèrè, alárinà tó bá wọn dá sí i mú tirẹ̀ níbẹ̀, àpò ìjọba sì gbẹ. Owó ìjọba gidi ni, ṣùgbọ́n kò gba inú ìṣúná ọdọọdún kọjá, níbi tí àwọn aṣòfin ti máa ń bá ara wọn fà á lórí owó ìwé àwọn ọmọdé àti owó títì. Kò sí gómìnà tó jẹ́ dá a lábàá pé kí wọ́n kọ sọ̀wédowó bílíọ̀nù kan ránṣẹ́ sí Hollywood lọ́dọọdún. Ohun tí òfin yìí ń ṣe nìyẹn, láìsí ẹni tó fọwọ́ sí sọ̀wédowó kankan.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka owó oṣù ló burú jù nínú rẹ̀. Fún òṣìṣẹ́ tí iléeṣẹ́ gbà tó sì ń sanwó oṣù fún tààrà, iye tí wọ́n lè kà kò gbọdọ̀ ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà 500 dọ́là lọ lórí fíìmù kan. Ṣùgbọ́n gbajúmọ̀ òṣèré tó dá iléeṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, tó ní kí wọ́n máa san owó òun gba ibẹ̀, kò sí lábẹ́ gbèdéke yẹn. Bí wọ́n bá san mílíọ̀nù 10 dọ́là fún irú òṣèré bẹ́ẹ̀, Georgia lè yọ̀ǹda mílíọ̀nù 3 lórí òun nìkan. Ó lè jẹ́ Los Angeles ló ń gbé, kó lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ní Atlanta, kó sì bá ọkọ̀ òfuurufú padà sílé rẹ̀. Owó orí tí wọ́n ń yọ nínú irú owó bẹ́ẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn tó ń dí àlàfo náà ni nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru ní Savannah, awakọ̀ bọ́ọ̀sì iléèwé ní Macon, àti àwọn ọmọ Yorùbá tó ti fi Atlanta àti ìgbèríko rẹ̀ ṣe ilé, tí wọ́n ń yọ owó orí tiwọn lára owó oṣù kí wọ́n tó rí ìyókù.

Ọdún púpọ̀ ni àwọn aláṣẹ fi ń sọ pé èrè ibẹ̀ ju ìnáwó rẹ̀ lọ fíìfíì. Bílíọ̀nù 9.5 dọ́là ni wọ́n ń kéde lẹ́nu pé fíìmù ń mú wọ ọrọ̀ ajé ìpínlẹ̀ náà lọ́dún. Bí wọ́n ṣe rí iye yẹn ni pé wọ́n mú owó tí àwọn onífíìmù ná, wọ́n sì sọ ọ́ di ìlọ́po 3.57, bí ẹni pé dọ́là kan tó bọ́ sọ́wọ́ alásè yóò máa yí láti ọwọ́ sí ọwọ́ láìjáde kúrò ní Georgia. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, àwọn ayẹ̀wé-owó-wò ìpínlẹ̀ náà fúnra wọn gbé ìròyìn jáde pé àsọdùn ni. Wọ́n yẹ ọdún 2016 wò, ọdún tí ẹ̀dínwó náà tó nǹkan bí mílíọ̀nù 667 dọ́là, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí sẹ́ńtì 10 ló padà sápò ìjọba lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan tí wọ́n yọ̀ǹda. Ìwádìí mìíràn tí àwọn onímọ̀ yunifásítì ṣe fún ìpínlẹ̀ náà lẹ́yìn ìgbà yẹn gbé e dé sẹ́ńtì 19. Àwọn alátìlẹyìn ètò náà fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí pé nǹkan ń dára sí i. Ẹni tó yá èèyàn ní dọ́là kan, tó gba sẹ́ńtì 19 padà, kò jèrè kankan.

Òfin ìpìlẹ̀ Georgia kò gbà kí ìjọba ná ju ohun tó ń wọlé lọ. Nítorí náà, dọ́là tó bá gba ọ̀dọ̀ onífíìmù jáde gbọ́dọ̀ wá láti ibòmíràn: bóyá kí owó orí àwọn yòókù ga ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí kí iṣẹ́ ìlú kan má ṣe é ṣe. Ẹni tó bá ka àwọn iṣẹ́ tí fíìmù dá sílẹ̀ láìyọ àwọn iṣẹ́ tí owó kan náà ìbá dá sílẹ̀ níbòmíràn kò tíì ṣírò nǹkan kan. Nínú oṣù kẹwàá ọdún 2020, ọdún kan náà tí ìròyìn àwọn ayẹ̀wé-owó-wò jáde, ilé ìwòsàn ìlú Cuthbert ní Randolph County ti ìlẹ̀kùn. Àwọn ará ibẹ̀ tó bá ní àìsàn òjijì ní láti wá ìtọ́jú lọ sí ìlú mìíràn. Fíìmù kọ́ ló ti ilé ìwòsàn náà pa. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tó ń sọ pé ètò ìlera àwọn tálákà, Medicaid, ti wọ́n jù láti fẹ̀ dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tó tọ́ sí kò yẹ kó rí bílíọ̀nù kan dọ́là fún àwọn iléeṣẹ́ tó wà lára àwọn tó lówó jù lágbàáyé.

Iṣẹ́ ni ẹsẹ̀ tí àwọn tó fẹ́ kí ètò náà dúró fi ń dúró, ọ̀rọ̀ wọn sì ní ìwọ̀n. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, aránṣọ, awakọ̀, oníná mànàmáná àti alásè wà ní Georgia lónìí tó jẹ́ pé fíìmù ni wọ́n fi kọ́lé tí wọ́n sì fi rán ọmọ níwèé. Pinewood ṣí sitúdíò ńlá ní Fayette County ní 2014, èyí tó ń jẹ́ Trilith báyìí. Tyler Perry, onífíìmù aláwọ̀ dúdú, ra éékà 330 nínú bárékè àtijọ́ Fort McPherson ní Atlanta, ó sì ṣí sitúdíò tirẹ̀ níbẹ̀ ní 2019. Ìlú kékeré Senoia, níbi tí wọ́n ti ya eré tẹlifíṣọ̀n The Walking Dead, rí àwọn àlejò tó wá wo òpópónà rẹ̀, àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ti dákẹ́ sì tún ṣí. Ní agbègbè Atlanta ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú fíìmù Black Panther ní 2017, ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú káàkiri ayé ló sì fi í yangàn. Kò sí olóòótọ́ tó máa pe àwọn nǹkan wọ̀nyí ní irọ́. Ìbéèrè tó kù ni iye tí wọ́n rà á, àti bóyá ohun tí wọ́n rà máa dúró.

Kò dúró. Iléeṣẹ́ Marvel, tó ya Avengers: Infinity War àti Endgame ní Georgia, kó lọ sí England láti ya Avengers: Doomsday ní 2025. Owó tí àwọn onífíìmù ná ní Georgia wà ní bílíọ̀nù 4.4 dọ́là nínú ọdún ìṣúná 2022. Nínú ti 2024, ó ti já wálẹ̀ sí bílíọ̀nù 2.6, ó sì tún lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí bílíọ̀nù 2.3 nínú ti 2025. Ìyanṣẹ́lódì àwọn òǹkọ̀wé àti òṣèré ní 2023 dá kún un, àwọn iléeṣẹ́ tó ń gbé fíìmù sórí íntánẹ́ẹ̀tì náà sì ti dín ìnáwó wọn kù. Síbẹ̀, ẹ kíyè sí ohun tí kò yí padà: ìdá 30 náà wà níbẹ̀ digbí. Ìpínlẹ̀ náà kò dín kọ́bọ̀ kù, àwọn tó ń gbà á sì ń lọ. Ní oṣù kejì 2024, Tyler Perry fúnra rẹ̀ dá iṣẹ́ ìmúgbòòrò sitúdíò rẹ̀ dúró, èyí tó máa ná an ní mílíọ̀nù 800 dọ́là, nígbà tó rí ohun tí ẹ̀rọ onílàákàyè ti lè ṣe nínú àwòrán. Kí ọ̀rọ̀ tó dé bẹ́ẹ̀ rárá, ní 2021, òṣèré Will Smith àti olùdarí fíìmù Antoine Fuqua ti gbé fíìmù wọn, Emancipation, kúrò ní Georgia lọ sí Louisiana nítorí òfin ìdìbò tí Georgia ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe nígbà náà. Iléeṣẹ́ mọ́tò tó rì ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ kò lè ṣí nípò ní ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n kámẹ́rà, aṣọ eré àti òṣèré kò ní gbòǹgbò. Inú ọkọ̀ ẹrù ni wọ́n ń gbé.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà kò yàtọ̀ sí gbàǹjo, àwọn ará ìlú ló sì ń sanwó rẹ̀. Louisiana bẹ̀rẹ̀ ní 1992, ó sì sọ ọ́ di ńlá ní 2002. Nígbà tó fi máa di 2010, ó ju 40 ìpínlẹ̀ lọ tó ti kó wọ inú rẹ̀. Ní 2025, California gbé tirẹ̀ kúrò ní mílíọ̀nù 330 dọ́là lọ sí mílíọ̀nù 750, New York sì ti dé mílíọ̀nù 800. Louisiana tó dá a sílẹ̀ ló tún fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á rẹ́ ní ìparí 2024: ilé ìgbìmọ̀ aṣojú dìbò láti fòpin sí i, ilé ìgbìmọ̀ àgbà ló gbà á sílẹ̀ ní gbèdéke mílíọ̀nù 125. Ní Maryland ní 2014, iléeṣẹ́ tó ń ṣe eré tẹlifíṣọ̀n House of Cards kọ̀wé sí gómìnà pé bí owó kò bá pọ̀ tó, àwọn máa tú ibi tí àwọn ti ń ṣeré ká, àwọn á sì gba ìpínlẹ̀ mìíràn lọ. Maryland wá owó kún un. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Iléeṣẹ́ tó ń wá èrè kò ṣẹ̀ tó bá béèrè. Ọwọ́ àwọn aṣòfin ni ìdáhùn wà.

Michigan dáhùn. Ní 2008, nígbà tí iṣẹ́ mọ́tò ń dẹnukọlẹ̀, Gómìnà Jennifer Granholm fọwọ́ sí òfin tó ń dá tó ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún padà fún onífíìmù. Wọ́n kọ́ sitúdíò kan sí ìlú Pontiac, owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì dúró bí onígbọ̀wọ́ fún gbèsè mílíọ̀nù 18 dọ́là tí wọ́n fi kọ́ ọ. Wọ́n ya Oz the Great and Powerful níbẹ̀. Ní 2012, sitúdíò náà kò rí gbèsè rẹ̀ san mọ́, owó ìfẹ̀yìntì ló sì san án. Gómìnà Rick Snyder ti fi gbèdéke mílíọ̀nù 25 sí ètò náà láti 2011; ní 2015 ni wọ́n pa á rẹ́ pátápátá. Àwọn onífíìmù ńlá lọ bí wọ́n ṣe sọ, Michigan sì ń bá ayé rẹ̀ lọ. Ti Iowa kò tilẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀: ní 2009, wọ́n rí i pé wọ́n ti fi owó ètò náà ra mọ́tò ọlọ́lá, gómìnà dá a dúró, ọ̀rọ̀ náà sì dé ilé ẹjọ́.

Ní 2024, ilé ìgbìmọ̀ aṣojú Georgia gbé àbá kan kalẹ̀ pé kí iye ẹ̀dínwó tí wọ́n lè tà lọ́dún má ju ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ìpínlẹ̀ náà retí láti rí. Nǹkan bí mílíọ̀nù 900 dọ́là ni ìyẹn, gbèdéke tó ga débi tí kò fi lè dun ẹnikẹ́ni. Ilé ìgbìmọ̀ àgbà jẹ́ kó kú síbẹ̀. Ohun tó yẹ kí wọ́n gbé wá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n san gbogbo ẹ̀dínwó tí wọ́n ti ṣèlérí lábẹ́ òfin, nítorí ìjọba kò gbọdọ̀ yẹ àdéhùn rẹ̀. Láti ọdún kìíní, kí owó tí wọ́n ń san fún ẹni tí kì í gbé ní Georgia jáde kúrò nínú ìṣirò, pẹ̀lú gbogbo owó tó ń gba inú iléeṣẹ́ àdáni àwọn òṣèré, kí títa ìwé ẹ̀dínwó sì dópin. Lẹ́yìn náà, kí ìdá 30 máa wálẹ̀ lọ́dọọdún títí yóò fi di òfo ní ọdún karùn-ún.

Láàárín ọdún márùn-ún yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ ni kí ìjọba dojú kọ. Georgia Film Academy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2015, lè máa kọ́ni nìṣó, kó sì ran oníná mànàmáná àti gbẹ́nàgbẹ́nà tó fẹ́ kọjá sí iṣẹ́ ilé kíkọ́ tàbí iṣẹ́ ilé ìtàgé lọ́wọ́ láti gba ìwé ẹ̀rí tuntun. Ọ̀dọ́ Georgia tó ní ìtàn láti sọ lè gba ìrànwọ́ tààrà fún fíìmù kékeré. Mílíọ̀nù mẹ́wàá mẹ́wàá ni ìnáwó irú ètò bẹ́ẹ̀ yóò jẹ́, yóò sì wà nínú ìwé ìṣúná pẹ̀lú orúkọ àti iye rẹ̀, kí aṣòfin Randolph County lè kà á níwájú gbogbo èèyàn, kó sì béèrè ohun tí wọ́n fi rà.