Ìmọ̀ Èdè Méjì Kò Tó Túmọ̀ Ìwé Owó

Ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín wa, pàápàá láàárín àwa tí a ti ilé kéú dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga, pé ẹni tí ó bá ti gbọ́ èdè Lárúbáwá yékéyéké, tí Gẹ̀ẹ́sì sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, kò sí ìwé ìṣirò owó tàbí ìwé owó orí tí ó ti ilẹ̀ Lárúbáwá wá tí kò lè túmọ̀; nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń wí, nọ́ńbà kò ní èdè, owó sì ni owó ń jẹ́ níbi gbogbo. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́ létí, àwọn ọ̀mọ̀wé ni ó sì ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìwé-pẹlẹbẹ yìí jáde láti wí gbangba pé kò rí bẹ́ẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá gbà á gbọ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti oníṣòwò sínú gbèsè tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé sàká yẹ̀ wò, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Kò sí Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá, ì báà ṣe ìyá arúgbó tí ń ta ẹ̀kọ, tí kò mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni sàká, ọ̀tọ̀ ni sàráà, ọ̀tọ̀ pátápátá sì ni owó orí tí ìjọba ń gbà. Síbẹ̀, bí ìwé bá ti Riyadh dé, ọmọ ìyá yìí kan náà a pe sàká ní “tax”, ẹlòmíràn a pè é ní “charity”. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní Saudi Arébíà tí Riyadh jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo lè jẹ ìjọba ní méjèèjì: lórí ìpín ọmọ onílẹ̀, sàká, ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí ìpín àlejò, owó orí, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti ìṣáájú ń wo ọrọ̀ tí ó wà nílẹ̀, ti ìkejì ń wo èrè tí ó wọlé, débi pé ilé-iṣẹ́ tí kò jèrè kọ́bọ̀ lọ́dún kan ṣì lè jẹ gbèsè sàká. Ẹni tí ó kọ “tax” sí ojú méjèèjì ti da epo pọ̀ mọ́ omi. Ẹni tí ó kọ “charity” sì ti sọ ohun tí òfin fi dandan lé di ọrẹ àtinúwá. Àwọn onílẹ̀ fúnra wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀: nígbà tí wọ́n pa àwọn ọ́fíìsì wọn pọ̀ ní 2021, Zakat, Tax and Customs Authority ni wọ́n sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò fi orúkọ ọ̀kan pe ìkejì.

Wọ́n ní nọ́ńbà kò ní èdè, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní Riyadh, àmì tí ó rí roboto bí òdo tiwa, márùn-ún ni. Òdo tiwọn kò ju ẹ̀kán kékeré lọ. Èyí tí ó tún jinlẹ̀ jù ni pé ìdá 2.5 yẹn, ti ọdún òṣùpá ni, ọjọ́ 354. Bí ọrọ̀ tí sàká dé bá jẹ́ mílíọ̀nù 10 ríyà, sàká ọdún òṣùpá yóò jẹ́ 250,000. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá ń fi ọdún ọlọ́jọ́ 365 ṣírò, ó di nǹkan bí 257,768. Atúmọ̀ tí ó kọ “year” láìsọ irú ọdún tí ó jẹ́ ti sin ẹgbẹ̀rún méje ríyà àti ju bẹ́ẹ̀ lọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan, “istihlak”. Ìwé atúmọ̀ èdè yóò sọ pé jíjẹ tàbí lílò tán ni. Ní Íjíbítì, òfin 1981 fi orúkọ yìí pe owó orí tí a ń gbà lórí ọjà tí aráàlú ń lò, kí òfin 1991 tó rọ́pò rẹ̀, tí ti 2016 fi wá mú VAT wọlé. Nínú ìwé owó Saudi Arébíà, ọ̀rọ̀ kan náà ni iye tí ẹ̀rọ àti ọkọ̀ ń pàdánù lọ́dọọdún bí wọ́n ti ń gbó, èyí tí àwọn oníṣirò owó ń pè ní depreciation, tí àwọn ará Íjíbítì sì ń pè ní “ihlak”. Bí atúmọ̀ bá kọ “consumption” síwájú mílíọ̀nù méjì ríyà, ọ̀gá báǹkì tí ó ń kà á yóò béèrè irú oúnjẹ tí ilé-iṣẹ́ náà jẹ.

Bí a ti ń ṣe níbí, èèwọ̀ ibòmíràn. Mòrókò, Àlgéríà àti Tùnísíà fi ẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, VAT kan náà ni wọ́n sì ń gbà. Ṣùgbọ́n Mòrókò pè é ní “dariba”, Àlgéríà pè é ní “rasm”, Tùnísíà pè é ní “ada”. Ní Riyadh, “rasm” ni owó iṣẹ́ tí ọ́fíìsì ìjọba ṣe fúnni. Ẹni tí ó bá gbé ìmọ̀ Riyadh lọ sí Algiers yóò kọ “fee” síbi tí ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún iye ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjà dúró sí. Faransé ni ó fà á: àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba owó orí yìí láti inú òfin Faransé, Mòrókò ní 1986, Tùnísíà ní 1988, Àlgéríà ní 1992, oníkálukú sì túmọ̀ rẹ̀ bí ó ti wù ú. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa gbòǹgbò ọ̀rọ̀ nínú Àlùkùránì àti nínú ewì àtijọ́, Paris ni gbòǹgbò èyí wà.

Ẹlòmíràn yóò dìde wí pé ìlànà ìṣirò owó àgbáyé ti sọ gbogbo ilẹ̀ di ọ̀kan, nígbà tí Saudi Arébíà pàápàá ti gbà á fún àwọn ilé-iṣẹ́ ọjà ìdókòwò láti 2017. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìlànà yẹn ń sọ bí a ti ń kọ ìwé owó ni, kò sọ ohun tí a ó san fún ọba. Òfin owó orí ṣì jẹ́ ti ìlú kọ̀ọ̀kan, níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti ń gba ìtumọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, kí atúmọ̀ tó fi kálàmù lé ìwé, kí ó béèrè ìbéèrè mẹ́ta: ilẹ̀ wo ni ó ti wá? Òfin wo ni ó wà lábẹ́ rẹ̀? Ọdún wo, irú ọdún wo, ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀? Sàká, kí ó fi sílẹ̀ ní sàká, kí ó sì là á yé ẹni tí ń kà á. Ibi tí ó bá sì ṣú u lójú, kí ó tọ oníṣirò owó ilẹ̀ náà lọ. Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí, bí ó ti wù kí Lárúbáwá rẹ̀ dùn tó, kí ó dá ìwé padà fún oníwèé, kí ó sì dá owó iṣẹ́ tẹ̀ lé e.