Wákàtí 52.7 Yẹn, Ta Ló Ni Ín?

Tí ẹ bá ti rí tábìlì àwọn ásítẹ́róìdì rí, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: orúkọ, bó ṣe fẹ̀ tó, wákàtí tó fi ń yí lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ẹ̀ á tò rẹrẹ, bí ẹni pé ẹnì kan ti gbé téèpù débẹ̀ lọ wọ̀n ọ́n. Èmi náà gbà á bẹ́ẹ̀, àfìgbà tí Dinkinesh kó ìtìjú bá mi.

Dinkinesh jẹ́ òkúta kékeré kan nínú agbo àwọn ásítẹ́róìdì tó wà láàárín Máàsì àti Júpítà. Ọdún 1999 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i. Fífẹ̀ rẹ̀ ò ju nǹkan bíi mítà 720 lọ. Láti ayé níbí, ojú kan bíńtín tó ń tàn lásán ni. Ohun táwọn onímọ̀ lè ṣe ò ju kí wọ́n máa ṣọ́ ìmọ́lẹ̀ náà bó ṣe ń lọ sókè tó ń lọ sílẹ̀. Wọ́n ṣọ́ ọ títí, wọ́n rí i pé ó ń tún ara rẹ̀ ṣe ní nǹkan bíi wákàtí 52.7. Ìyẹn ni wọ́n fi sọ pé bó ṣe ń yí nìyẹn. Mo kọ nọ́ńbà yẹn sórí slide mi ní sẹ́mínà, ẹnikẹ́ni ò bi mí léèrè.

Ní November 1, 2023, ọkọ̀ Lucy ti NASA kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, nǹkan bíi kìlómítà 430 sí i. Fọ́tò dé. Háà! Òṣùpá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta wa! Òṣùpá yẹn ló ń fi wákàtí 52.7 yí Dinkinesh ká. Dinkinesh fúnra ẹ̀? Kò lò tó wákàtí mẹ́rin tó fi ń yí lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí fọ́tò mìíràn tún dé, òṣùpá náà gan-an jẹ́ òkúta méjì tó lẹ̀ mọ́ra, ìkọ̀ọ̀kan lé díẹ̀ ní mítà 200. Selam ni wọ́n sọ ọ́, ìyẹn àlàáfíà lédè Amharic. (Dinkinesh náà, orúkọ táwọn ará Ethiopia ń pe egungun àtijọ́ tí òyìnbó ń pè ní Lucy ni.)

Mi ò bá àwọn tó ṣọ́ ìmọ́lẹ̀ yẹn jà o. Nọ́ńbà wọn pé, ẹni tó ni ín la ṣì mú. Àwa tá à ń kọ ọ́ fún ọmọ ilé ìwé ni mò ń bá wí. A máa ń kọ èyí tá a fojú rí àti èyí tá a fọkàn rò pọ̀ bákan náà. Bíbú òkúta gan-an, látinú ìmọ́lẹ̀ la ti sábà máa ń fojú díwọ̀n rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òkúta kékeré tó mọ́lẹ̀ àti ńlá tó dúdú lè jọra tá a bá wò wọ́n láti òkèèrè. Yorùbá ní “ó jọ pé”. Kí ló dé tí a kì í kọ ọ́ síwájú nọ́ńbà?

Mo ti tún slide mi ṣe. 3.7 ló wà níbẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n mi ò pa 52.7 rẹ́. Mo fa ìlà sí i láàárín, mo kọ Selam sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.