Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ẹ̀bi Fèrèsé Tí Kò Gba Ojú Kọ̀ǹpútà Kì Í Ṣe Ti Ẹni Tó Ni Ẹ̀rọ

Ìyà kan wà tó ń jẹ àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà alágbèéká ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀ pé ìyà ni. Ẹnì kan ṣí ètò kan sórí ẹ̀rọ rẹ̀, bóyá ètò tí a fi ń ṣírò owó oṣù òṣìṣẹ́, tàbí èyí tí yóò so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ kọ̀ǹpútà. Fèrèsé kan yọ, ó gba ojú ẹ̀rọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó dáhùn gbogbo ìbéèrè tó wà níbẹ̀, ó wá bọ́tìnnì tí yóò tẹ̀ kí iṣẹ́ lè parí, kò rí i. Bọ́tìnnì náà wà, ṣùgbọ́n ó ti wọ abẹ́ ojú ẹ̀rọ lọ, níbi tí ojú kò ti lè rí i, tí ọwọ́ kò sì lè tó o. Ó fẹ́ fa fèrèsé náà kéré, kò gbà. Ó fẹ́ tì í sókè, ó kọ̀. Nígbà tó sú u, ó tẹ àmì X tó wà lókè, gbogbo ohun tó ti fi ìdajì wákàtí kọ sì ṣòfò.

Bí ó bá gbé ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà pé ó mọ kọ̀ǹpútà ju òun lọ, ìdáhùn tó sábà máa ń rí gbà ni pé ẹ̀rọ rẹ̀ ti kéré jù, tàbí pé ó ti di ti ayé àtijọ́, kí ó lọ wá owó ra òmíràn. Ìdájọ́ èké ni. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbé bẹ́ẹ̀dì wọ yàrá ló yẹ kó kọ́kọ́ wọn ẹnu ọ̀nà. Télọ̀ tó rán agbádá láìwọn ẹni tó ni ín, tí agbádá náà wá ń gbálẹ̀ kiri ìgboro, kò lẹ́nu láti sọ fún oníbàárà pé kó lọ ga sí i. Fèrèsé tí kò gba ojú kọ̀ǹpútà, ọrùn ẹni tó ṣe é ni ẹ̀bi rẹ̀ wà.

Ìṣirò yóò gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀. Ọ̀wọ́ àmì tíntìntín ni ojú kọ̀ǹpútà, àwọn tí à ń pè ní píksẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n tò ní ìbú àti ní òòró. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ojú kọ̀ǹpútà tó wọ́pọ̀ ní 1024 ní ìbú àti 768 ní òòró. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà yí ìrísí rẹ̀ padà, wọ́n fẹ̀ ẹ́ bí ojú tẹlifíṣọ̀n ìgbàlódé, ó di 1366 ní ìbú àti 768 ní òòró. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó yóò rí i pé ìbú fi 342 lé, ṣùgbọ́n òòró kò fi ẹyọ kan lé. Ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà alágbèéká tó jẹ́ 1280 ní ìbú àti 800 ní òòró tẹ́lẹ̀ tilẹ̀ pàdánù 32 ní òòró nígbà tó lọ ra tuntun. Bẹ́ẹ̀ òòró gan-an ni fèrèsé tó kún fún ìbéèrè nílò, nítorí ńṣe ni ìbéèrè máa ń tò láti òkè wá sísàlẹ̀.

Nínú 768 yẹn, ọ̀já ìsàlẹ̀ Windows 10, níbi tí aago wà, máa ń gba 40. Àkọlé tó wà lórí fèrèsé gba nǹkan bí 30. Ohun tó kù kò tó 700. Ẹni tó bá wá ṣe fèrèsé tí òòró rẹ̀ jẹ́ 750, tí kò sì jẹ́ kó ṣeé fà kéré, ti ju bọ́tìnnì rẹ̀ sínú kànga kí ètò náà tó dé ọwọ́ oníbàárà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 2007, ilé iṣẹ́ Asus gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń jẹ́ Eee PC jáde. Ojú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 7, ó ní 800 ní ìbú àti 480 péré ní òòró. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tẹ̀ lé e ní 1024 ní ìbú àti 600 ní òòró. Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń pariwo pé fèrèsé ń wọ abẹ́ ojú ẹ̀rọ lọ. Nígbà tí àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké náà kúrò lọ́jà, àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ṣe bí ẹni pé ariwo náà ti bá wọn lọ.

Àwíjàre tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ mú wá ni pé ayé ti lọ síwájú, pé kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun ti ní 1920 ní ìbú àti 1080 ní òòró, nítorí náà kí ẹni tó kù sẹ́yìn tètè sáré. Àwíjàre yìí kò dúró rárá. Bí a bá há 1080 mọ́ ojú ẹ̀rọ íǹṣì 14, lẹ́tà yóò kéré bí ọmọ èèrà. Ìdí nìyí tí Windows fi máa ń mú ohun gbogbo tóbi sí i fúnra rẹ̀ lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ 125%, ó sì lè jẹ́ 150%. Bí ó bá ti jẹ́ 150%, ààyè tó kù fún ètò láti lò jẹ́ 1280 ní ìbú àti 720 ní òòró. Ẹni tó náwó gọbọi ra kọ̀ǹpútà tuntun wá rí i pé òòró tí òun ní fi 48 dín sí ti kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí aládùúgbò òun ń lò. Ta ló wá kù sẹ́yìn nínú àwọn méjèèjì?

Ìpalára yìí kì í sì í bá gbogbo èèyàn dọ́gba. Àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́ ló máa ń mú lẹ́tà tóbi jù lọ, òun náà sì ni bọ́tìnnì máa ń sá fún jù lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká ju tòkunbọ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n ń tà ní Computer Village ní Ìkẹjà jẹ́ èyí tí wọ́n ti lò ní ìlú Ọba tàbí ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó kó wọn wọlé. Àwọn tí ojú wọn jẹ́ 1366 ní ìbú àti 768 ní òòró ṣì pọ̀ láàrin wọn. Ẹ̀rọ wọ̀nyí lágbára láti ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, wọ́n lágbára láti ṣe ìṣirò, wọ́n lágbára láti kọ ìwé. Kí a máa sọ wọ́n di aláìwúlò nítorí bọ́tìnnì kan tó wà níbi tí kò yẹ kó wà, ìwà ìfiṣòfò ni.

Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé òfin kò sí. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí Microsoft ṣe ní àkókò Windows 7 fún àwọn tó ń kọ ètò sọ ọ́ kedere pé kí fèrèsé ṣeé lò lórí ojú ẹ̀rọ tó jẹ́ 800 ní ìbú àti 600 ní òòró. Nígbà tí Windows 11 jáde ní ọdún 2021, òòró tó kéré jù lọ tí wọ́n gbà láàyè fún ojú ẹ̀rọ ni 720. Ìyẹn ni pé ètò tí fèrèsé rẹ̀ kò lè gba inú 720 ń ta ko àdéhùn tí ẹni tó ni ilé ti bá ayálégbé ṣe. Ní ti ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, ìlànà WCAG 2.1 tí W3C fọwọ́ sí ní ọdún 2018 béèrè pé kí ọ̀rọ̀ ṣeé kà lórí ìbú 320 láìjẹ́ pé òǹkàwé ń fà á sọ́tùn-ún sósì. Bí ojú ewé bá lè tẹ́ra sí ojú fóònù, kí ló dé tí fèrèsé ètò kọ̀ǹpútà fi ń ṣe bí ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò lè tẹ̀?

Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ ń dúró dè kò lè máa retí àtúnṣe títí láé. Ọgbọ́n wà tí a lè dá sí i. Lórí Windows, kí ẹni náà tẹ Alt àti Space pa pọ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù, kí ó tẹ M, kí ó wá máa tẹ ọfà tó kọjú sókè. Fèrèsé náà yóò máa gòkè, orí rẹ̀ yóò jáde kúrò lójú ẹ̀rọ, ìdí rẹ̀ tí bọ́tìnnì wà yóò sì yọ. Bí ó bá ti yọ tán, kí ó tẹ Enter kí fèrèsé lè dúró síbẹ̀. Ẹni tó ń lo Linux lè di Alt mú, kí ó fi máòsì gbá fèrèsé mú níbikíbi, kí ó sì wọ́ ọ lọ sókè. Lórí GNOME, bọ́tìnnì tó ní àmì Windows ni yóò dì mú dípò Alt. Ẹni tó bá fẹ́ ààyè díẹ̀ sí i lè jẹ́ kí ọ̀já ìsàlẹ̀ máa fara pamọ́, tàbí kí ó lọ sí Settings, ní abẹ́ System àti Display, kí ó dá ìwọ̀n padà sí 100% títí iṣẹ́ náà yóò fi parí. Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, a lè fi Tab sún láti ibì kan dé ibòmíràn nínú fèrèsé títí a ó fi dé orí bọ́tìnnì tí a kò rí, kí a sì tẹ̀ ẹ́.

Kí ẹni tó bá lo ọgbọ́n wọ̀nyí má ṣe rò pé ẹjọ́ ti parí. Ẹni tó ń fi Tab wá bọ́tìnnì tí kò rí dà bí ẹni tó ń rìn nínú òkùnkùn. Ó lè rò pé ìfohùnsí ni òun tẹ̀, kó jẹ́ pé ìparẹ́ ló tẹ̀. Ẹni tó dá ìwọ̀n padà sí 100% nítorí bọ́tìnnì kan ti gba bọ́tìnnì, ó ti sọ lẹ́tà nù. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n máa ń dojú ẹ̀rọ dé ẹ̀gbẹ́, kí 1366 tó jẹ́ ìbú lè di òòró, wọn yóò wá tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ bí adìyẹ tó ń wo àṣá kí wọ́n tó lè tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo. Ètò tó sọ àgbàlagbà di báyìí kò yẹ lẹ́ni tí à ń sanwó fún.

Ohun tó fa àrùn náà kò fara sin. Ẹni tó ń kọ ètò jókòó sídìí ojú kọ̀ǹpútà ńlá, íǹṣì 24 tàbí 27, nígbà mìíràn méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Gbogbo ohun tó bá gbé kalẹ̀ ló ń gba ibẹ̀. Ó kan gbogbo ìbéèrè mọ́ ojú kan bí ìṣó, ó sì ti fèrèsé náà pa kí ẹnikẹ́ni má lè fà á, nítorí fèrèsé tó ṣeé fà béèrè ìrònú díẹ̀ sí i. Ohun tó yó o kò jẹ́ kó mọ̀ pé ebi ń pa ẹlòmíràn.

Àtúnṣe rẹ̀ kò sì le. Kí fèrèsé ṣeé fà. Kí àárín rẹ̀, níbi tí ìbéèrè wà, ṣeé yí sókè sódò. Kí bọ́tìnnì dúró sí ìsàlẹ̀ níta ibi tó ń yí, kí ó má baà bá wọn lọ. Kí ètò béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà bí ààyè ṣe tó kí ó tó ṣí fèrèsé. Kí a pín ìbéèrè tó bá pọ̀ jù sí ojú ewé méjì tàbí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, kí a dán an wò lórí ojú ẹ̀rọ tó jẹ́ 1366 ní ìbú àti 768 ní òòró, pẹ̀lú 125%, níbi tí òòró tó kù ti jẹ́ 614. Ìdánwò yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ìbáwí yìí kò mọ sọ́dọ̀ àwọn tó wà lókè òkun nìkan. Àwọn ọmọ wa náà ń kọ ètò ní Èkó àti ní Ìbàdàn fún ilé ẹ̀kọ́, fún ilé ìwòsàn àti fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Àwọn ni àwíjàre wọn kéré jù, nítorí pé wọ́n mọ irú kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì akọ̀wé tí yóò lo iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ẹni tó mọ ìwọ̀n eku, tó ṣì kọ́ ìtẹ́ tí kò bá a mu, kò lè sọ pé àìmọ̀ ló fà á.

Agbára wà lọ́wọ́ ẹni tó ń sanwó. Kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tàbí akápò ẹgbẹ́ má ṣe gbà kí ẹni tó ń ta ètò fi í hàn lórí ẹ̀rọ tí òun fúnra rẹ̀ gbé wá. Kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà tó kéré jù lọ ní ọ́fíìsì wọn síwájú rẹ̀, kí wọ́n mú lẹ́tà rẹ̀ tóbi dé ìwọ̀n tí àgbà ibẹ̀ ń lò, kí wọ́n sì ní kó ṣí gbogbo fèrèsé níṣojú wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ kò bá yọ, kí olówó má ṣe yọ owó.