Kí Faransé san gbèsè aṣálẹ̀ Sàhárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Ìjọba ilẹ̀ Faransé ni òwe yìí ń bá wí lórí ọ̀rọ̀ àdó olóró núkílíà.

Àwọn àgbà tó ti gbọ́njú kí Nàìjíríà tó gba òmìnira yóò rántí ariwo tó sọ lọ́jọ́ 13, oṣù kejì, ọdún 1960. Ọjọ́ náà ni Faransé kọ́kọ́ dán àdó olóró rẹ̀ wò ní Reggane, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà ilẹ̀ Àlìjíríà, tó wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Agbára àdó yìí ju ìlọ́po mẹ́rin èyí tí Amẹ́ríkà jù sí Hiroshima lọ. Àsìkò ọyẹ́ ni, ọkàn àwọn èèyàn kò sì balẹ̀ nítorí eruku aṣálẹ̀. Nígbà tí Faransé tún dán ẹlẹ́ẹ̀kẹta wò lóṣù kejìlá ọdún náà, ìjọba Tafawa Balewa lé aṣojú rẹ̀ kúrò ní Nàìjíríà lóṣù kìíní, ọdún 1961.

Faransé kò dáwọ́ dúró. Àdéhùn òmìnira Àlìjíríà lọ́dún 1962 fi àyè sílẹ̀ fún un, ó sì bá a lọ títí di 1966. Ìgbà 17 ló dán an wò níbẹ̀, kó tó ṣe 193 mìíràn ní àwọn erékùṣù Polynesia títí di 1996.

Lọ́jọ́ 1, oṣù karùn-ún, ọdún 1962, òkè tí wọ́n dán àdó wò nínú rẹ̀ ní In Ecker sán, èéfín olóró sì tú jáde. Pierre Messmer, mínísítà ọ̀rọ̀ ológun, wà níbẹ̀, òun náà sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ọkùnrin yìí kan náà ni olórí ìjọba lọ́dún 1974 tí epo rọ̀bì wọ́n gógó, tó sì ní kí wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ iná mànàmáná tó ń lo agbára núkílíà. Lónìí, nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 iná tí Faransé ń pèsè, ibẹ̀ ló ti ń wá.

Kò sẹ́ni tó ní kí Faransé má tan iná. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí olóró ṣì wà lábẹ́ iyanrìn Sàhárà. Òfin owó ìtanràn tó ṣe lọ́dún 2010, àwọn ará Àlìjíríà tó jàǹfààní rẹ̀ kò tó nǹkan. Ààrẹ Macron gbà lọ́dún 2021 pé Faransé jẹ Polynesia ní gbèsè. Ṣé ti Sàhárà kì í ṣe gbèsè ni?

Kí Faransé fi gbogbo ibi tó ri ìdọ̀tí náà mọ́ han Àlìjíríà, kó kó o kúrò, kó sì tọ́jú àwọn tó fara gbá a. Ẹnu tí Nàìjíríà fi sọ̀rọ̀ lọ́dún 1961, kò yẹ kó dákẹ́ lónìí.