Ọjọ́ Orí Wáìnì Pupa

Àwọn ènìyàn pàtàkì láàrin wa a máa wí pé bí wáìnì pupa ilẹ̀ Faransé bá ti pẹ́ tó nínú ìgò, bẹ́ẹ̀ ni yóò dùn tó. Ọ̀rọ̀ náà kò tọ́ tán. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wáìnì ni a ṣe fún mímu láàrin ọdún mélòó kan. Ẹni tí ó bá fi irú rẹ̀ pamọ́ fún ogún ọdún yóò rí i pé adùn rẹ̀ ti ṣá. Kì í ṣe gbogbo orí tí ó hewú ni ó gbọ́n.

Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ogbó yẹ. Nínú wọn ni ti Médoc, lẹ́bàá Bordeaux, níbi tí àjàrà Cabernet Sauvignon ti ń hù lórí ilẹ̀ olókùúta wẹ́wẹ́. Nígbà tí a bẹ ibẹ̀ wò, wọ́n bu ọtí tuntun fún wa láti inú àgbá onígi tí ń gba 225 lítà. Ó korò bí orógbó, ó sì ń fún ẹnu pọ̀. Ìkorò yìí, tí ó ti ara èèpo àti kóró èso wá, gan-an ni ó ń gbé ọtí náà dé ọjọ́ alẹ́. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, yóò máa so mọ́ra wọn, yóò sì rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Àwọ̀ elésè àlùkò ọtí náà yóò di àwọ̀ bíríkì. Òórùn èso yóò di ti ewé gbígbẹ àti ti tábà. Nígbà tí wọ́n sì gbé ọtí ọgbọ̀n ọdún láti inú ọgbà kan náà ka iwájú wa, a kò bá má mọ̀ pé ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì.

Ní Burgundy, a dé Clos de Vougeot. Àwọn mọ́ǹkì Cîteaux, tí ilé ìsìn wọn bẹ̀rẹ̀ ní 1098, ni wọ́n mọ odi yí ọgbà náà ká; ìjọba gbà á nígbà ìdìtẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1789, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ń kó ọtí sí ṣì dúró. Ògiri òkúta rẹ̀ nípọn, inú rẹ̀ sì tutù minimini. Àwọn mọ́ǹkì wọ̀nyí ti mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò fẹ́ gbọ́: ooru ni ọ̀tá wáìnì.

Nítorí náà ni ó ṣe ń dùn wá láti rí ìgò olówó gọbọi tí a tò ní òró sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì nínú pálọ̀, kí àlejò lè ka orúkọ tí ó wà lára rẹ̀. Òkùnkùn àti otútù ni ó ń fẹ́, kí á sì dá a dùbúlẹ̀ kí kọ́ọ̀kì má bàa gbẹ. Ẹni tí kò bá ní irú ibẹ̀, kí ó má ṣe dúró de ọdún mìíràn. A kì í fi emu ọ̀pẹ ṣe ọ̀ṣọ́ ilé, a kò sì rí ìdí tí a ó fi fi ti àjàrà ṣe é.

Kí ó gbé ìgò náà nàró láti ìjẹta, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè sọ̀kalẹ̀. Kí ó rọra dà á sínú ohun mìíràn níwájú iná àbẹ́là, kí ó sì dáwọ́ dúró bí ó bá rí ìdọ̀tí ní ọrùn ìgò. Ìgò kan tó ènìyàn mẹ́fà. Kí ó ránṣẹ́ pe àwọn márùn-ún yòókù.