Ìlera Ẹbí: Ojúgun Tó Ń Dunni Lábẹ́ Ẹrù

Ẹ kú ìmúra ọdún Ọ̀ṣun tó ń bọ̀ lóṣù Kẹjọ.

Àsìkò yìí làwọn ọmọ wa tó máa ru igbá tàbí omi lọ́jọ́ ọdún máa ń fi ẹrù dánra wò. Wọ́n á pọn omi sí kẹ́ẹ̀gì, wọ́n á gbé e karí, wọ́n á máa rìn yí àdúgbò ká. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò ní í pẹ́ táwọn kan á fi máa di ojúgun mú.

Ohun tó ń fà á ni pé tí ẹrù bá wọ eegun lára, eegun á kọ́kọ́ jẹ díẹ̀ kó tó tún ara rẹ̀ mọ. Tí a bá ń di ẹrù rù ú lójoojúmọ́, ibi tó jẹ ò ní ráyè jinná.

Lítà omi kan, kílò kan ni. Ọmọ tó gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 20, kílò 20 ló gbé yẹn. Ẹ jẹ́ kó fi lítà 5 bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Bí ẹ bá fi kún ẹrù lọ́sẹ̀ kan, ẹ má fi kún ọ̀nà. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ sàn ju orí ọ̀dà lọ. Bàtà kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò tíì jẹ sàn ju sílípáàsì lọ. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n máa rìn lọ́jọ́ ọdún, kí wọ́n kọ́kọ́ máa fi ẹsẹ̀ lásán rìn láìru ẹrù.

Bó bá ti ń dunni, kí a sọ ẹrù kalẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ fi aṣọ wé yìnyín, kẹ́ ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 15, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Bí ara bá ti yá, kó padà sí lítà 5.

Ẹ fi ìka tẹ ojúgun náà wò. Bí ìrora bá tẹ́ gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́ inú, ìsinmi sábà máa ń tó o. Bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo, tàbí tó ń dùn lóru, eegun lè ti sán. Kí ẹnikẹ́ni má wọ́ ọ o! Ẹ gbé e lọ síbi tí dókítà á ti ya fọ́tò eegun. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá kú tipiri, ọsibítù ni lọ́jọ́ náà gan-an. Ọmọ tó bá ní fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ má rò pé ìrìn ló fà á. Dókítà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí.

Ẹ̀yin ìyá, ibi tọ́rọ̀ wà gan-an rèé. Ọmọ máa ń fi ìrora pamọ́ kí wọ́n má baà gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí torí pé àgbà kan ti sọ fún un pé ẹrù òrìṣà kì í wúwo. Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún un mọ́. Ẹ bi í léèrè, kẹ́ ẹ sì gba ohun tó bá sọ gbọ́. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì kò ba ọdún jẹ́. Eegun tó bá ṣẹ́ á gba oṣù mélòó kan.

Orí là ń bọ, àmọ́ ẹsẹ̀ ló ń gbé orí débi ire. Kí ẹsẹ̀ wa má yẹ̀ o. Àṣẹ.